Èmi Ni Mo Pa Ẹja Hóólù Wa

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé n kò kọ orúkọ mi síbí. Itamaga ni mo ń gbé, ní Ìkòròdú. Mo ní ọkọ, mo ní ọmọ, mo ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta ìwé àwọn ọmọ iléèwé. Àwọn tó mọ̀ mí máa ń pè mí ní ẹni jẹ́jẹ́. Bí wọ́n bá mọ ohun tí mo gbé sínú, bóyá wọn á wá orúkọ mìíràn fún mi.

Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí pa mọ́. Mo rò pé mo ti gbàgbé rẹ̀. N kò gbàgbé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tún pa irọ́ mìíràn lé e lórí, ọmọdébìnrin kan tó fọkàn tán mi ni mo sì pa á fún. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí yín.

Yunifásítì ìjọ Lútẹ́ránì kan ni mo lọ, iléèwé kékeré kan lójú ọ̀nà tó ti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́. Èmi kì í ṣe ọmọ ìjọ Lútẹ́ránì. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ṣùgbọ́n bàbá mi ní ibi tó súnmọ́ ilé ni kí n lọ, kí ojú òun lè máa tó mi.

Ẹ̀yin tí ẹ lọ iléèwé ńláńlá, ẹ lè fi wá rẹ́rìn-ín. Iléèwé wa kéré débi pé bí o bá sín ní hóólù obìnrin lónìí, àwọn ọkùnrin á kí ọ kú ara líle lọ́la. Bàbá Ṣápílénì, ìyẹn pásítọ̀ iléèwé, mọ orúkọ gbogbo wa. Ó tún mọ orúkọ ìyá àwọn mìíràn nínú wa, àwọn tó máa ń ṣe wàhálà.

Bí mo bá rántí òwúrọ̀ ibẹ̀, omi máa ń lé ròrò lójú mi. Agogo ṣápẹ́lì á lù, a ó máa sá lọ tàwa ti gèlè tí a kò tíì wé tán. Àwọn ará Lútẹ́ránì fẹ́ràn orin ju bí mo ṣe rò lọ. Orin olóhùn mẹ́rin ni, ó ń lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń gun òkè. Bí a bá ń kọ ọ́, tí kùrukùru ṣì wà lórí pápá, tí òórùn àkàrà ń ti ẹ̀yìn ilé ìdáná wá, mo máa ń rò pé ayé ò ní burú láéláé. Lọ́jọ́ Ẹtì, a ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkòròdú Gáréèjì lọ ra búrẹ́dì. Àwọn ọmọ gáréèjì mọ̀ wá. "Àwọn ọmọ Alelúyà ti dé o!" ni wọ́n máa ń pariwo, wọn á sì ní kí á gbàdúrà fún àwọn kí á tó sanwó ọkọ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ Ráfíátù. Yàrá kan náà ni wọ́n fi wá sí ní Hóólù Ìrètí láti ọdún àkọ́kọ́. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. Apẹja ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ń ta ẹja lẹ́bàá ọ̀sà. Mùsùlùmí ni wọ́n láti ọ̀dọ̀ bàbá ńlá wọn. Ẹ̀kọ́ nípa ẹja sísìn ló wá kọ́, nítorí pé kò sí ibòmíràn nítòsí ilé wọn tí ẹ̀ka náà wà.

Ó máa ń jí ṣáájú mi láti kírun. Bó bá ṣe tán, á na ẹsẹ̀ fi ta mí.

"Dìde, Alelúyà. Agogo yín ti fẹ́ lù, o ṣì ń hanrun."

Kò sẹ́ni tó fi tipátipá mú un wá sí ṣápẹ́lì, ṣùgbọ́n ó máa ń bá mi wá, á jókòó sẹ́yìn pátápátá. Kò pẹ́ tó fi mọ orin náà jù mí lọ. Bí mo bá ṣi ohùn kọ, mo lè gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ní ìsinmi, mo máa ń tẹ̀ lé e lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ìyá rẹ̀ á se ìkọ́kọrẹ́ fún mi, á kó ẹja sí i títí n kò fi ní rí ìkọ́kọrẹ́ mọ́. "Ọmọ tí Ìkòròdú bí fún mi" ló ń pè mí. Inú mi máa ń dùn bó bá pè mí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù fún mi. Mo mọ̀ pé mo ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

Àṣà méjì wà ní iléèwé wa. Èkíní ni pé lọ́jọ́ ìkórè, hóólù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú ohun tí ọwọ́ wọn fúnra wọn mú jáde wá. A kò gbọdọ̀ rà á lọ́jà. Àwọn kan á gbin àgbàdo, àwọn kan á hun ẹní, àwọn ọkùnrin hóólù kejì tilẹ̀ sin adìẹ tó ń jí gbogbo iléèwé ní ọ̀gànjọ́.

Èkejì ni Ọjọ́ Ilẹ̀kùn. Ẹ mọ̀ pé ọkùnrin ilẹ̀ Jámánì tí ìjọ náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ kan ẹ̀hónú rẹ̀ mọ́ ara ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì láyé ọjọ́un. Ní àyájọ́ rẹ̀ lọ́dọọdún, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ní ọ̀rọ̀ á dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣápẹ́lì, á fi òòlù onígi kan ilẹ̀kùn, á sì sọ ọ́ síta. A kì í lo ìṣó. Bàbá Ṣápílénì ní igi ìrókò ni ilẹ̀kùn náà, òun ò sì mọ ẹni tí yóò bá òun ṣe òmíràn. Òfin ọjọ́ náà ni pé ohunkóhun tí o bá sọ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ torí rẹ̀ fìyà jẹ ọ́, ì báà ṣe ẹ̀hónú, ì báà ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tìrẹ.

Ọmọkùnrin kan kan ilẹ̀kùn lọ́dún kan, ó jẹ́wọ́ pé òun lòun ń ká máńgòrò Bàbá Ṣápílénì. Bàbá ní kó wá ká èyí tó kù, nítorí ọwọ́ òun ò tó o. A rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn wá. Ẹ rí i pé kò sí ìbẹ̀rù níbẹ̀. N kò lè fi ìbẹ̀rù ṣe àwáwí.

Ní ọdún kẹta wa, Hóólù Ìrètí pinnu pé ẹja ni a ó mú wá sí ìkórè. Àbá Ráfíátù ni. Adágún kékeré kan tí wọ́n fi bíríkì mọ wà lẹ́yìn hóólù wa, wọ́n ti pa á tì. Ráfíátù lọ bẹ olùkọ́ tó ń mójú tó oko iléèwé, ọkùnrin náà sì fi adágún náà lé e lọ́wọ́, ó ní òun ni olórí rẹ̀. Ẹ ò lè mọ bí inú rẹ̀ ṣe dùn tó. Ó fọ adágún náà fúnra rẹ̀, ó kó ọmọ ẹja àrọ̀ sínú rẹ̀, ó sì pín iṣẹ́ fún wa: àwọn kan á máa fún ẹja lóúnjẹ, àwọn kan á máa pààrọ̀ omi.

Òfin rẹ̀ lórí omi kò pọ̀. Omi kànga nìkan ni kí á máa lò. Omi ẹ̀rọ iléèwé ní oògùn nínú, èyí tí wọ́n máa ń dà sí táńkì ńlá kí inú má baà run wá. Oògùn náà ò ṣe ènìyàn ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n májèlé ni fún ẹja. Bí ó bá di dandan, kí á pọn omi ẹ̀rọ sínú àwọn garawa, kí á ṣí wọn sílẹ̀ nínú oòrùn títí agbára oògùn náà á fi lọ. Mo gbọ́ ọ. Èmi tilẹ̀ ni mo máa ń tún un sọ fún àwọn mìíràn, bí ẹni pé ìyá mi ló bí ẹja.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí Ọjọ́ Ilẹ̀kùn dé, oúnjẹ ẹja tán. Ráfíátù lọ sí Ẹ̀pẹ́, ó gbé èyí tí òun àti ìyá rẹ̀ pò bọ̀, edé gbígbẹ tí wọ́n gún mọ́ èérí àgbàdo. Olùkọ́ wa ò fẹ́ ẹ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní kó dúró de èyí tí wọ́n ń tà. Ráfíátù ní àárín ẹja ni wọ́n bí òun sí, òun mọ ohun tí ẹja ń jẹ. Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ fún wọn ní oúnjẹ náà ló bọ́ sí ọjọ́ tí pípààrọ̀ omi kàn mí.

Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Èmi ni wọ́n yàn láti dá orin lọ́jọ́ ìkórè. Wọn ò yàn mí fún nǹkan kan rí láyé mi ṣáájú ìgbà náà. Ìdánrawò wà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀gá akọrin wa kì í sì í gba kí ènìyàn pẹ́ dé. Kànga jìnnà. Mo wo garawa, mo wo ojú oòrùn, mo wo rọ́bà gígùn tí wọ́n fi ń bomi rin òdòdó, ó wà lẹ́nu ẹ̀rọ níbẹ̀. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan péré, kí ló lè ṣe?

Mo ṣí ẹ̀rọ. Òórùn oògùn náà gba imú mi. Ó hàn pé ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n da tuntun sí i. Mo gbọ́ òórùn náà, n kò ní purọ́ fún yín. Mo jẹ́ kí omi máa lọ, mo sì ń fi ohùn kékeré kọ orin mi létí adágún. Nígbà tó kún, mo ká rọ́bà, mo sá lọ.

Mo kọrin dáadáa ní ìrọ̀lẹ́ náà. Ọ̀gá akọrin yìn mí níwájú gbogbo ènìyàn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ráfíátù ló kọ́kọ́ dé ìdí adágún. Kò pariwo. Ó padà wá sí yàrá, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi.

"Gbogbo wọn ti kú," ló wí. "Oúnjẹ mi ló pa wọ́n."

Òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ẹ̀yin ènìyàn mi. Èmi kọ́ ni mo fi sí i lẹ́nu. Mo la ẹnu, mo fẹ́ sọ pé rárá. Ohun tó jáde ni, "Pẹ̀lẹ́."

Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi ni mo da omi, Ráfíátù ló tẹ̀ ẹ́, kò sì tutù fún un rárá. Olùkọ́ wa wá, ó gbọ́ òórùn oúnjẹ náà, ó mi orí. Ó gba kọ́kọ́rọ́ ọgbà adágún lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bú u, ṣùgbọ́n ó gbà á. Àwọn kan nínú hóólù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé Mùsùlùmí ni, pé bóyá kò fẹ́ kí ẹja òun dé iwájú pẹpẹ. Nígbà tí Bàbá Ṣápílénì gbọ́, ó bínú, ó ní kí ẹni tó bá mọ̀ pé òótọ́ lòun ń sọ wá sọ ọ́ lójú òun. Kò sẹ́ni tó lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti dé etí Ráfíátù. Ó jókòó sí yàrá, ó ń ká hìjáábù rẹ̀, ó tún ń tú u, ó tún ń ká a.

Èmi náà jókòó síbẹ̀. Mo pọn omi fún un kó wẹ̀. Mo ra búrẹ́dì fún un. Mo bá àwọn olófòófó náà jà débi pé mo fa aṣọ ọ̀kan ya. Gbogbo iléèwé ní irú ọ̀rẹ́ báyìí ṣọ̀wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìwà yìí. Mo ṣe ohun gbogbo fún un, àfi ẹyọ ohun kan tó nílò.

Nígbà tí Ọjọ́ Ilẹ̀kùn dé, mo ti pinnu pé n ó jẹ́wọ́. Mo tò sí ìlà. Mo gba òòlù. Mo kan ilẹ̀kùn. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí Ráfíátù láàárín èrò, ó gbé ọwọ́ sókè sí mi kí ọkàn mi lè balẹ̀. Mo rí ọ̀gá akọrin pẹ̀lú. Mo rántí pé ìkórè ku díẹ̀, pé wọ́n lè fún ẹlòmíràn ní orin mi.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, omi ẹ̀rọ hóólù wa ń rùn bí ọsibítù. Ọbẹ̀ wa pàápàá ti ń gba abẹ́rẹ́!"

Ẹ̀rín bú sẹ́yìn mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ráfíátù ló pàtẹ́wọ́ jù. Kò sẹ́ni tó so ọ̀rọ̀ náà mọ́ ẹja, nítorí gbogbo wọn mọ̀ pé omi kànga ni à ń fún ẹja. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Ìyá Abẹ́rẹ́. Bí mo bá pàdé àwọn ẹlẹgbẹ́ wa àtijọ́ lónìí, orúkọ náà ni wọ́n máa fi kí mi, èmi náà á sì rẹ́rìn-ín.

Mo kọrin lọ́jọ́ ìkórè. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a sáré rà ní Ìkòròdú ni hóólù wa gbé wá síwájú.

Kí ọdún náà tó parí, Ráfíátù fi ẹ̀ka ẹja sílẹ̀, ó lọ kọ́ ìṣirò owó. Olùkọ́ wa fúnra rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó ní ẹja máa ń kú, pé kò sí ẹni tí kò pa ẹja rí lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ó kọ̀. Ó ní ọwọ́ òun kò dára.

Ó ti gbé gbólóhùn yẹn ká láti ìgbà náà. Ẹja gbígbẹ ló ń tà ní Ẹ̀pẹ́ báyìí, Ọlọ́run sì ti bù kún un. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń sin ẹja lẹ́yìn ilé wọn. Bó bá ń kọjá létí adágún wọn, ó máa ń kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn. Mo ti rí i pẹ̀lú ojú mi. Bí wọ́n bá bi í, á fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Èyí tó ti kú nìkan ni Ọlọ́run fún mi lọ́wọ́ rẹ̀." Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín.

A kò fi ara wa sílẹ̀. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, ó gbé agbọ̀n ẹja gbígbẹ kan wá láti Ẹ̀pẹ́. Mo sì jẹ ẹja náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nísinsìnyí ni pé ọmọ rẹ̀, Bàsírátù, ti wọ iléèwé wa àtijọ́. Ẹ̀kọ́ nípa ẹja sísìn ló yàn. Ọmọ náà fẹ́ràn ẹja débi pé bó bá ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, kì í mọ̀ pé oúnjẹ òun ti tutù. Ọ̀dọ̀ mi ló máa ń wá lópin ọ̀sẹ̀, nítorí Itamaga kò jìnnà. Àǹtí ló ń pè mí.

Ráfíátù fóònù mi lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ohùn rẹ̀ kò dáa.

"Bá mi bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀," ló wí. "Ìwọ lo wà níbẹ̀, ojú rẹ ló ṣe. Ọwọ́ mi yìí ló jogún. Kó má lọ fi ọdún mẹ́rin tẹ̀ lé mi sínú irú ìtìjú yẹn. Tìẹ ló máa gbọ́."

Kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe, mo ti ní kò burú.

Nígbà tí Bàsírátù dé, ó jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù mi láàárín àwọn ìwé. Kò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ bi mí.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé lóòótọ́ ni pé màmá mi ló pa ẹja yẹn?"

Ọmọ náà wo ojú mi. Ojú ìyá rẹ̀ ló fi wò mí. Àyè rèé, ẹ̀yin ènìyàn mi. Kò sí ọ̀gá akọrin níbẹ̀. Kò sí orin tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ mi.

Mo ní, "Màmá rẹ ò purọ́ fún ọ. Tẹ̀ lé ohun tó bá sọ."

Kò jiyàn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní òun á lọ pààrọ̀ ẹ̀ka òun sí ìṣirò owó bíi ti ìyá òun. Ó kúnlẹ̀ kí mi kó tó lọ, mo sì rí i láti ojú wíńdò bó ṣe ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀ títí tó fi wọ kẹ̀kẹ́.

Nígbà tí mo ṣe ti àkọ́kọ́, ọmọdé ni mí. Èyí, mo ti lé lógójì ọdún. Kí ni mo fẹ́ pè é?

Mo ti pe Bàsírátù láàárọ̀ òní. Mo ní kó má tíì lọ pààrọ̀ ohunkóhun, kó dúró dè mí. Ó bi mí pé kí ló dé. Mo ní n ó sọ fún un bí mo bá ti Ẹ̀pẹ́ dé. Mo pe Ráfíátù náà, mo ní mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, pé mo ní ọ̀rọ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó rò pé mo fẹ́ wá ròyìn bí mo ṣe bá òun yí ọmọ òun lọ́kàn padà. Ó ní òun á se ìkọ́kọrẹ́ dè mí, bíi ti ìyá òun, kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ìyá náà. Ìyá náà kú pẹ̀lú èrò pé oúnjẹ tí òun pò ló ba ọmọ òun lójú jẹ́. Èyí nìkan ti tó láti mú kí n máa sunkún.

Ẹ jọ̀ọ́, n kò bi yín bóyá kí n sọ ọ́. N ó sọ ọ́. Mo mọ̀ pé ó lè lé mi jáde kí oúnjẹ tó kúrò lórí iná, bó bá sì lé mi, kò jẹ̀bi. Ohun tí mo ń bi ẹ̀yin tí ẹ jù mí lọ nínú ọgbọ́n ni èyí: báwo ni ènìyàn ṣe ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́, pé ó ti mọ́ láti ìgbà náà wá, kó sì lè yọ̀ díẹ̀, kó tó ráyè béèrè pé ta ló mọ̀ bẹ́ẹ̀ tó dákẹ́?